Orin Ìwẹ̀ Ilé Wa

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní àpótí, kó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní, kó fara ti ògiri. Kí ẹ sì bá mi pàtẹ́wọ́ sí i, nítorí orin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, orin náà gan-an ló sì gbà wá sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Ganiyat, ọmọ Sùrájù ọmọ mi, tí a jọ ń gbé ní Ìkòtún? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bí ìtàn ogun. Bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń wo eré lórí fóònù, tirẹ̀ ni pé ta ló bá ta jà, kí ni wọ́n sì jẹ kí wọ́n tó lọ. Ó ti bi mí rí bóyá mo wà níbẹ̀ nígbà ogun Kírìjì. Mo ní kó lọ bi ìyá ẹ̀ bóyá mo dàgbà tó yẹn.

Wàhálà dé nígbà tó sọ ní kíláàsì pé bàbá mi ja ogun Hítílà ní Bọ́má. Promise, ọmọ aládùúgbò wa, ní irọ́ ni, kó mú fọ́tò wá. Fọ́tò kò sí. Mẹ́dà kò sí. Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti jóná kí n tó lọ́kọ, gbogbo ẹrù bàbá mi ló bá a lọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé Ràímì, bàbá mi, lọ sí Bọ́má, wọ́n sì padà wálé. Ni gbogbo kíláàsì bá ń pe Ganiyat ní Bọ́má-irọ́. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa mọ́.

Sùrájù ní sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, Bàbá Simeon, tó sọ pálọ̀ ẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun, tó sì kọ orúkọ àwọn tó lọ Bọ́má sára ògiri. Ganiyat ní àfi kí Promise bá wa lọ, kó wá fi ojú ara ẹ̀ rí i. Ìyẹn náà kò kọ̀, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ wá. Súmbọ̀, ìyàwó Sùrájù, di ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín sí kúlà. Èmi wá ń kọrin lọ lójú ọ̀nà:

À ń lọ wogun, à ń lọ wogun,
Ìrẹsì ń bẹ nínú kúlà.

Bàbá Simeon gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fi ìbọn tó ti dípẹtà hàn wá, àti akoto irin, àti abọ́ ṣọ́jà. Mo ní abọ́ yẹn á dára fún rírẹ ẹ̀wà. Súmbọ̀ fà mí láṣọ. Ganiyat kò tilẹ̀ wo ìbọn. Ìdí ògiri ló lọ tààrà, ó ń fìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Ràímì kò sí níbẹ̀. Promise kàn ń rẹ́rìn-ín sí bàtà ara ẹ̀. Omi ti ń lé ròrò lójú Ganiyat.

Bàbá Simeon rò pé ìbọn ló bà á lẹ́rù. Wọ́n ní ká bọ́ sí àgbàlá, ká ṣe paréèdì díẹ̀ kí ara ẹ̀ lè yá. Wọ́n tò wá, tọmọdé tàgbà, èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ké pé, "Léfù, ráì, léfù, ráì, abautánù!"

Kí n tó ṣẹ́jú, Sùrájù, géńdé tó nírùngbọ̀n, ti kẹ̀yìn sí bàbá náà, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó dijú pinpin bí ẹni tí ọṣẹ fẹ́ kó sí lójú. Ganiyat ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Súmbọ̀ àti Promise nìkan ló dúró tí wọ́n ń wò wá bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ẹ má bá wa wí jàre. Orin ìwẹ̀ ilé wa nìyẹn. Bí mo bá ń wẹ̀ fọ́mọ, tí mo bá ti dé "abautánù", ọmọ á yíra padà, á gbápá sókè kí n lè fọ abíyá. Bí bàbá mi ṣe wẹ̀ fún mi nìyẹn. Èdè Nupé ni mo pè é láti kékeré.

Bàbá Simeon ní, "Màmá, abautánù àwa ṣọ́jà kò ju kéèyàn yí padà lọ. Ta ló kọ́ yín ní apá sókè yẹn? Kò sí nínú paréèdì."

Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n kọ orin náà. Ṣé wọ́n máa ń bẹ̀ mí sí orin ni?

Léfù, ráì, léfù, ráì,
Odò yìí tutù bí yìnyín,
Fọ tèmi, kí n fọ tìrẹ,
Abautánù, gbápá sókè.

Mo ṣe bí ó parí síbẹ̀ ni. Àfi bí Bàbá Simeon ṣe kẹ̀yìn sí mi, tí wọ́n gbápá sókè tàwọn tọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, tí wọ́n gbè é:

Yára kí ọ̀gá má bá wa,
Ọṣẹ kan ni gbogbo wa ní.

Orin tí bàbá tiwọn náà fi wẹ̀ fún wọn ni. Wọ́n ní ní Bọ́má, ọṣẹ kò kárí. Àwọn ṣọ́jà á tò sínú odò, kálukú á máa fọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní abautánù, gbogbo wọn á yí padà, ẹni tó ń fọni á wá di ẹni tí wọ́n ń fọ̀. Ikọ̀ bàbá wọn nìkan ló lorin náà, ẹni tí kò bá sí nínú odò yẹn kò lè mọ̀ ọ́n.

Wọ́n yíjú sí Ganiyat. "Ọmọ, bàbá ńlá ẹ fọ ẹ̀yìn bàbá mi."

Wọ́n gbé ọ̀dà wá, wọ́n ní kí Ganiyat fúnra ẹ̀ kọ Ràímì sísàlẹ̀ orúkọ bàbá wọn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, ó tóbi ju tàwọn yòókù lọ. Promise ló bá a di ike ọ̀dà mú. Ó ní, "Mo máa sọ fún wọn ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ mi lórin yẹn ná, Màmá."

A ṣí kúlà lábẹ́ igi máńgòrò. Ganiyat jẹun, ó tún bu òmíràn. Bàbá Simeon jẹ mọ́ínmọ́ín títí Súmbọ̀ fi ń wojú mi. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ bọ̀ wálé, Ganiyat lórí ẹsẹ̀ mi, gbogbo wa ń kọrin. Bí a ṣe dé "abautánù", oníkẹ̀kẹ́ dẹwọ́ eré, ó bi wá bóyá ká padà ni. A ní rárá o, ilé là ń lọ, a ti yó.