Gílóòbù Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá Paná ni àwọn ayálégbé inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá náà ń pe ọkùnrin yìí, kò sì sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe. Òun ló fa gbogbo wáyà inú ilé náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Bó bá ń kọjá lọ, tó rí i pé iná ń tàn níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, á yọjú wọlé, á ní, "Ta lẹ tan èyí fún? Ẹ pa á!" Bí wọ́n bá pa á tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kí wọn.

Nítorí náà, nígbà tí onílé ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ gbogbo gílóòbù àtijọ́ inú ilé náà, kí wọ́n sì fi ti ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní LED rọ́pò wọn, ọ̀rọ̀ náà bá a lára mu. Kò kúkú fi hàn lójú. Láti ọdún tó kọjá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti di ẹni tí ń fi orí dáhùn ìkíni.

Ó gbé àkàbà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè lọ láti yàrá dé yàrá. Àlàyé kan náà ló ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, wọ́n bi í o, wọn kò bi í o.

"Ẹ wo gílóòbù yìí," á ní, á sì gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sókè, èyí tó fi àkísà dì mú kó má baà jó o lọ́wọ́. "Ṣé ẹ rí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yìí? Àfi kó gbóná kó pọ́n fòò kó tó lè mọ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, ooru ló ń fi ṣe. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín ló ń fún yín. Ṣé ooru lẹ ní kó máa ṣe fún yín ni?"

"Rárá o, Bàbá," ni wọ́n á dáhùn, kó lè tètè máa lọ.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ló fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tó wá dúró síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹnu kọ́ ènìyàn níṣẹ́. "Wò mí" ni gbogbo ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ náà sì ti wò ó láti kékeré: ó mọ bí ó ti ń bu omi, bí ó ti ń po ìyẹ̀fun, bí ó ti ń tan iná kọ́bọ́ọ̀dù kó tó kó àwọn agolo ìyẹ̀fun pípò sínú rẹ̀, tí yóò sì pa ilẹ̀kùn dé kí ìyẹ̀fun náà lè wú kó tó wọ ààrò. Gbogbo rẹ̀ ni òun náà ń ṣe bó ti rí i. Ní oṣù mélòó kan, búrẹ́dì rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti ìyá rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ti sá lọ ti ń padà wá.

Gílóòbù inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti fa àríyànjiyàn rí láàárín tọkọtìyàwó. Ọkùnrin náà ló fi í síbẹ̀, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ní òun ń fẹ́ iná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn, tó rí i tí iná ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, inú á bí i.

"Ìyá ọmọ, o ti ilẹ̀kùn, o sì tan iná sínú rẹ̀. Ta ló ń ríran níbẹ̀?"

"Ìyẹ̀fun ni. Ìwé ló ń kà," ni obìnrin náà máa ń dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Ẹ má pa á fún mi o."

Ọkùnrin náà a sì mi orí, a jáde. Ó gbà pé ẹnu ìyàwó òun ló dùn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tó pààrọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ rẹ̀ ló di àkàbà mú fún un. Nígbà tí wọ́n parí ti àjà, ọmọ náà bi í pé, "Ti inú kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́, Bàbá?"

"Onílé ní ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi tuntun síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun kún inú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Àwọn méjèèjì rí ibi tí igi rẹ̀ ti sán, tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ náà wò ó," ni bàbá wí. "Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan."

Láti ọjọ́ kejì ni búrẹ́dì kò ti wú mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ojú ọjọ́ tutù, ọmọ náà sì kọ́kọ́ rò pé omi ló tutù jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyẹ̀fun wú díẹ̀, ó tún jókòó. Ó pààrọ̀ ìwúkàrà. Ó lọ ra ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó pò ó títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi wú, tí ìyẹ̀fun kò sì wú. Búrẹ́dì tó ń jáde nínú ààrò wúwo, inú rẹ̀ ki pọ̀pọ̀.

Awakọ̀ kan tó máa ń rà á lójoojúmọ́ gbé ọ̀kan, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n fi dí táyà?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá rẹ̀ wà lórí àpótí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó wo àpò náà bó ṣe ń kọjá lọ. Ó ní, "Ìyá rẹ kì í ṣe é báyìí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tún sọ ọ́.

Máníjà ilé náà ló wá mú ọ̀rọ̀ le. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní oníṣòwò fóònù kan ń fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, pé kí wọ́n sọ fún òun bóyá wọn óò gbà á fún ọdún tó ń bọ̀ tàbí wọn kò gbà á mọ́. "Ọjọ́ Ẹtì ni mà á wá gbọ́ èsì, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú. Wọ́n ń yọ mí lẹ́nu ni."

Nígbà tó lọ, ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. "Bàbá, bí kò bá wú títí di ọjọ́ Ẹtì, mà á fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ ìyá mi kọ́ ni mo ní."

"O ti sọ ọ́," ni bàbá wí.

Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó mọ̀ pé ilé tí òun ń sùn sí, òun kì í lè jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan ló kù tí òun lè jókòó sí láìjẹ́ pé ògiri ni òun ń wò.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé àjà òkè pátápátá. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ, ẹni tí ó ti bá pààrọ̀ gílóòbù lánàá, yọ orí jáde láti inú yàrá rẹ̀.

"Bàbá Paná! Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ ara yín!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Gílóòbù yín yìí mọ́lẹ̀ o, n ò purọ́. Mo ti ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìlo jígí. Ṣùgbọ́n òtútù fẹ́ pa mí! Èyí tẹ́ ẹ yọ yẹn, bó ṣe máa ń wà lókè orí mi, bí ìgbà tí ọkọ gbọ́wọ́ lé mi léjìká ni. Ẹ wá wò mí lónìí." Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ léra wọn.

"Ẹ wọ ẹ̀kẹta."

"Irú èsì wo nìyẹn! Ooru mi ni kẹ́ ẹ dá padà fún mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kó o lọ."

"Ìyá Aránṣọ, ooru yẹn ni mò ń wí, òun ló ń jẹ iná tí ẹ—"

Ẹnu rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó wo gílóòbù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kọjú sí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ṣé mo bí yín nínú ni? Eré ni mò ń ṣe o! Àkàbà yín rèé!"

Kò wẹ̀yìn. Ọkùnrin tí kì í sáré ni, kò sì sáré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fo àtẹ̀gùn ní méjìméjì.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, máníjà ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti orí káńtà. Bàbá náà kọjá láàárín òun àti ọmọ rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn agolo ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, wọ́n ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ funfun. Ó na ọwọ́, ó di gílóòbù náà mú, láìsí àkísà. Ó dì í mú pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara igi inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tutù bí ògiri ìta.

Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ sọ fún oníṣòwò fóònù yẹn pé—"

"Dúró."

Ó jáde sí wọn. Máníjà nà ró.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ tèmi ni."

"Kí ni, Bàbá?"

"Lọ fọwọ́ kan inú kọ́bọ́ọ̀dù."

Ọmọ náà wò ó, ó lọ, ó padà. "Ó tutù."

"Kì í tutù tẹ́lẹ̀. Gílóòbù tí mo yọ yẹn ni ìyá rẹ fi ń mú un gbóná. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun wú."

"Kò sọ fún mi rí."

"Mo bi í, àwàdà ló fi dá mi lóhùn. Èmi náà kò bi í dáadáa."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé gílóòbù yẹn máa ń gbóná ni?"

"Mo mọ̀. Kò sí ẹni tí n kò sọ ọ́ fún nínú ilé yìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu máníjà. Nígbà tó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"Ibẹ̀ yẹn lẹ jókòó sí," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń kó o dànù. Ẹ ní ìyá mi kì í ṣe é báyìí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sì tún un sọ lọ́jọ́ kejì."

"Mo tún un sọ. Kò yẹ kí n sọ ọ́."

Ọmọ náà kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń to àwọn ọ̀bẹ orí káńtà tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni máníjà wí, "kí ni kí n wá sọ fún oníṣòwò fóònù?"

"Ẹ ní kó lọ wá ibòmíràn," ni ọmọ náà wí.

"Ṣé búrẹ́dì ti wá wú ni?"

"Kò tíì wú. Ìyẹn kò kàn yín, àbúrò mi. Ẹ sáà ti gbọ́ èsì."

Máníjà lọ. Bàbá náà kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Mà á wá gílóòbù àtijọ́ kan lọ́jà, mà á fi í síbẹ̀ padà. Onílé kò ní í mọ̀."

Ọmọ náà wò ó. Ọkùnrin yìí tí kì í rú òfin ẹnikẹ́ni! "Rárá," ló ní. "Bí ìyẹn bá tún jó, tí wọn kò tà á mọ́ ńkọ́? Ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi gbé tábìlì yẹn síbẹ̀."

Wọ́n gbé e. Ó ní kí bàbá òun máa bá òun kó àwọn agolo náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má jẹ́ kó gbọ̀n, Bàbá. Ẹ rìn bí ẹni tó ru omi." Bàbá náà rìn bí ẹni tó ru omi. Ọmọ náà fi aṣọ tútù bò wọ́n, ó jókòó sórí àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀. Bàbá wà lórí ìdúró, nítorí àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ìyẹ̀fun náà wú. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ààrò wú ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí yí àwọn agolo náà padà. Bí wọ́n ṣe wà náà ni ọmọ náà tì wọ́n sínú ààrò, bí wọ́n sì ṣe wà náà ni wọ́n jáde, gbogbo wọn dagun sí apá kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, akọ̀wé lọ́yà tó wà lájà kìíní wọlé láti ra búrẹ́dì lọ sílé. Ó gbé ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kí ló ṣe búrẹ́dì yín tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ga ju èkejì lọ?"

Bàbá náà la ẹnu láti ṣàlàyé. Ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn."

Akọ̀wé náà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀. Ó ní kí wọ́n di méjì fún òun. Bàbá náà ló dì í.