Ohun Tí Ìyá Sọ fún Kálukú

Màmá kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí ìyàwó ilé méjì bá ń jà ládùúgbò, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni àwọn méjèèjì yóò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kálukú á sì máa rò pé ẹ̀yìn òun ni màmá wà. Gbogbo ayé ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ọ̀hún ló há àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mọ́ yàrá kékeré kan nílé ìwòsàn lọ́sàn-án yìí, yàrá tí kò ní fèrèsé, níbi tí dókítà ti máa ń fọ̀rọ̀ burúkú tó àwọn ẹbí létí.

Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó sì ti jáde kí wọ́n lè rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ màmá, ẹ̀rọ ló ń bá a mí, kò sì ní jí mọ́. Nínú kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ àti kí wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn fún ẹ̀rọ kó máa wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ mú ọ̀kan, kí ẹnu wọn sì kò.

Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ télọ̀, jókòó. Tepù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa tírélà, fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pa.

“Màámi ti bá mi sọ ọ́,” ni télọ̀ wí. “Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kan, n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n so àwọn mọ́ ẹ̀rọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, irọ́ ni. Èmi ni wọ́n sọ fún pé n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa àwọn tì. ‘Ìwọ ni kó o dì mí mú.’ Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn.”

Inú bí télọ̀. Ta ló ń fọ aṣọ màmá, ta ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, tí ẹni tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù wá ń pè é ní òpùrọ́? Bó bá taku, wọn á ní ìtọ́jú ló sú u. Bó bá gbà, ohùn màmá kò ní kúrò létí rẹ̀ láé. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa. Ó mọ ojú yẹn láti kékeré, kì í ṣe ojú ẹni tó ń purọ́.

“Kí lo kọ́kọ́ sọ fún wọn, tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń wakọ̀ ló kú. Mò ń sunkún lórí fóònù. Mo ní bí màámi náà bá lọ, ayé mi bàjẹ́ nìyẹn.”

Télọ̀ ti rántí tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tóun àti màmá lọ kí aládùúgbò kan tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé irú ìyà yẹn kò yẹ ọmọ ènìyàn. Màmá kàn gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó fẹ́ gbọ́, ó sì gbé tirẹ̀ mì. Inú tún bí télọ̀, sí màmá lọ́tẹ̀ yìí, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?” àbúrò bi í.

“Bákan náà ni.”

Dókítà kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. “Ṣé ẹnu yín ti kò?”

“Ẹ yọ ọ́,” ni télọ̀ wí.

“Ṣé ohun tí màmá fẹ́ nìyẹn?”

Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè mọ́ láyé.

“Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́, dókítà. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́.”

Dókítà yíjú sí awakọ̀. Omi ti gba ojú ọkùnrin náà.

“N ò fẹ́ kí wọ́n lọ,” ó ní. “Àmọ́ ẹ má di ẹrù rẹ̀ ru ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Àwa méjèèjì la ní kẹ́ ẹ yọ ọ́.”