Ẹ̀rín Tó Wà Létí Ẹnu Bàbá Wa

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, àwòrán bàbá wa já bọ́ lára ògiri yàrá Màmá, gíláàsì rẹ̀ sì fọ́ yángáyángá. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń kan ìṣó mọ́ òdìkejì ògiri náà, ní pálọ̀. Ó fẹ́ gbé dígí tuntun kọ́ kí Màmá tó ti ọsíbítù dé. Akánjú ni gbogbo ilé ń pè é láti kékeré, kò sì sí ẹni tó máa ń bi wá léèrè ìdí.

Àwòrán yẹn nìkan ló kù tí ojú Bàbá wà nínú rẹ̀. Omi tó ya wọlé wa lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ti ba gbogbo fọ́tò jẹ́. A sá wọn sóòrùn, wọ́n lẹ̀ pọ̀, nígbà tí a sì ṣí wọn kúrò lára ara wọn, ojú àwọn èèyàn inú wọn ti bó lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tó ti dolóògbé báyìí, ló fi pẹ́ńsùlù ya Bàbá ní ọdún tí Bàbá lò kẹ́yìn láyé. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń ya àwòrán náà, Màmá dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí àwa ọmọ kò gbọ́, apá òsì ẹnu Bàbá sì gbé sókè díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yára ya ẹ̀rín náà kó tó lọ. Ibẹ̀ ni Màmá kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá jí láàárọ̀, kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ojú Màmá ti ń ṣú bọ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni ọsíbítù fẹ́ ṣí báńdéèjì ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọkọ mi ló sì lọ gbé wọn. Màmá ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀: "Bí mo bá délé, kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú mi o. Bàbá yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Akánjú pè mí ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ya pùláànù ilé.

"Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ẹ kó gbogbo irésà yín dání."

"Kí lo ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbá ilẹ̀. Ó gbé àwòrán náà sórí tábìlì ìjẹun, ó dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ó ní àfọ́kù gíláàsì lòun fẹ́ gbọ̀n kúrò, ni àtàǹpàkò òun bá fa dúdú pẹ́ńsùlù láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá lọ sí etí ẹnu wọn lápá òsì. Ńṣe ló dà bíi pé èéfín fẹ́ sí wọn lójú.

"Ìwọ nìkan lo lè gbálẹ̀ kí o gbá onílé mọ́ ọn," ni mo wí.

"Ẹ bú mi tó bá yá. Ẹ tún un ṣe ná. Wọ́n ti gbéra ní ọsíbítù."

Mo fọwọ́, mo nu ọwọ́ gbẹ dáadáa, nítorí òróró ara a máa so dúdú pẹ́ńsùlù mọ́ bébà. Mo tú irésà mẹ́ta tí mo fi ń pa ìlà rẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò. A kì í fi ìyẹn nu bébà. A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, a ó gbé e, dúdú náà á sì bá a lọ. Ọ̀kan funfun, ó le díẹ̀, òun la fi ń pa ojú ìlà rẹ́. Èyí tó kù pupa rẹ́súrẹ́sú, iyanrìn kúnná wà nínú rẹ̀. Yíǹkì là ń fi í pa rẹ́ ní ọ́fíìsì. Awọ bébà ló máa ń họ, tòun ti ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé tí ẹ ò lo pupa yẹn? Òun ló jọ pé ó lágbára jù."

Onígbàjámọ̀ ni Akánjú. Mo bi í pé, "Ṣé abẹ tó mú jù lo fi ń gé irun ẹ̀yìn etí oníbàárà rẹ?"

"Àwọn kan wà tó tọ́ sí."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo po irésà rírọ̀ náà títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́, mo fa ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá, mo gbé e. Mo wo ẹnu rẹ̀ níbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún mọ́ tónítóní.

Dúdú tí ọwọ́ fà láàárọ̀ yìí kò yẹ kó lágídí tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ìka kan bébà náà. Ó le, ó sì ń dán. Mo tẹrí ba, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ṣọ́ọ̀bù Akánjú ni.

"Akánjú, kí lo fín sí i?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn!"

"Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń yàwòrán ló sọ fún mi pé èyí tí à ń fín sí irun kó má bàa tú, òun náà làwọn ń fín sí àwòrán kí ọwọ́ má bàa pa á. Mo wá rí i pé ọwọ́ ti pa á. Mo ní kí n tètè dá a dúró kó má burú sí i."

"Lórí ìdọ̀tí náà?"

Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu àtàǹpàkò.

"O ti di ìdọ̀tí náà mọ́ Bàbá lójú. Ẹ̀ẹ̀melòó lo fín in?"

"Títí ó fi tutù," ló wí.

Mo jókòó. Mo sọ fún un pé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká ṣàlàyé fún Màmá. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, àgbàlagbà ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé. "Ohun tí ojú wọn máa kọ́kọ́ rí rèé, Àǹtí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò."

Mo fi abẹ gé irésà funfun náà, kí igun rẹ̀ lè mú. Mo gbé irin pẹlẹbẹ tí àwa tó ń ya pùláànù fi ń dáàbò bo ìlà lé ojú Bàbá. Ihò wà lára rẹ̀, inú ihò yẹn nìkan ni irésà lè dé. Mo ra á díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń fi búrọ́ṣì gbá èérún rẹ̀ dànù, n kò fẹnu fẹ́ ẹ kí itọ́ má bàa ta sí i. Ó pẹ́ kó tó gbọ́. Nígbà tó yá, dúdú náà ń ṣí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń padà bọ̀ sípò. Akánjú ń mí sí mi lọ́rùn.

"Sún sẹ́yìn."

"Ó ń lọ! Ẹ wò ó, ó ń lọ! Ó ku ẹnu."

"Mi ò ní fọwọ́ kan ẹnu. Ìlà ẹ̀rín yẹn fẹ́lẹ́, kò nípọn ju irun lọ, abẹ́ ohun tí o fín ló wà. Ohun tó bá gbé ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ á gbé òun náà."

"Ṣùgbọ́n ó hàn."

"Jẹ́ kó hàn."

Fèrè ọkọ̀ ọkọ mi dún ní géètì. Mo dìde. Mo fẹ́ pàdé Màmá níta, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Mo yíjú sí Akánjú: "Má fọwọ́ kàn án. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Màmá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ewé igi ẹnu géètì, wọ́n ń wo bàtà mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti rù tó báyìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi!" Mo ní, "Màmá, ẹ dúró, ọ̀rọ̀ kan wà." Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ. Bàbá yín dà?" Wọ́n ti wọlé.

Akánjú dúró nídìí tábìlì. Irésà pupa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èérún rẹ̀ wà káàkiri lórí tábìlì, dúdú àti pupa.

Màmá sún mọ́ àwòrán náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka nu etí ojú, wọ́n tún wò ó.

"Ojú tí wọ́n ṣe yìí ò tíì là dáadáa," ni wọ́n wí. "Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù. Ẹnu Bàbá yín ò hàn sí mi."

Màmá tún gbé ọwọ́ lọ sójú.

"Màmá, ẹ má nu ojú yín mọ́," ni mo wí. "Ojú yín kọ́."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo irésà tó wà lọ́wọ́ ọmọ wọn. Akánjú dọ̀bálẹ̀, wọn kò sọ fún un pé kó dìde, wọn kò sì bú u. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n yà. Yà á padà."

Mo fọwọ́ kan ibẹ̀. Awọ bébà ti họ, ó hu irun bí aṣọ òwú tó gbó. Pẹ́ńsùlù tó bá kan irú ibẹ̀ á tàn ká bí omi tó kán sórí aṣọ, ìlà kan kò ní dúró níbẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù.

"Mi ò mọ bó ṣe rí, Màmá. Bàbá ò rẹ́rìn-ín sí mi rí. Kí lẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn?"

Màmá la ẹnu. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́.

"Bí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́," ni wọ́n wí, "ta ló máa rẹ́rìn-ín sí i?"

A gbé àwòrán náà padà sára ògiri pẹ̀lú gíláàsì tuntun. Ojú Màmá là kedere lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀ báyìí, fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹ̀rín Bàbá kò sí níbì kankan mọ́.