Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Ìwé Ọsibítù

Ojú mi ni. Kì í ṣe ojú Fàthíà ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ka ìwé yìí sí mi létí lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù yìí — "Ìyá mi, wọ́n ní ẹ gbà láti undergo iṣẹ́ abẹ." Ìyókù yé mi. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú ọ̀tún, wọ́n fẹ́ fi abẹ yọ ọ́. Undergo yẹn ló há mi lọ́fun.

Ọmọ mi ní inú ìwé ló ń gbé, ẹnu kì í sábà sọ ọ́. Ó ní nǹkan ńlá ni wọ́n ń lò ó fún: iṣẹ́ abẹ, àyípadà, ohun tó máa gba ara èèyàn kọjá, tí onítọ̀hún ò ní rí bákan náà mọ́. "Èèyàn kì í undergo tuwo, Ìyá mi." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í sọ, kí ló ń wá lójú mi?

Bí abẹ bá yẹ̀ ńkọ́... Kí n kúkú máa fi bàìbàì yìí ṣe é. Rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà Kure, mo da ẹ̀wà olóyin sínú àpò ẹ̀wà funfun, mo sì ń fi mudu wọ̀n ọ́n fún oníbàárà, ọkàn mi balẹ̀. Nàímátù tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra ló rí i. "Hajiya, ta ló so yìgì ẹ̀wà méjì yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo ṣa ẹ̀wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìka mi ló ń bá ojú ṣiṣẹ́.

Àyípadà... Ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́? Mo jí ní ìyàwó Láwàl, mo di opó kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ta ló bi mí bóyá mo gbà? Wọ́n ní kí n jókòó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mo jókòó. Mo jáde, ara ti yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan wá —

Dúró ná.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, níbi tí mo máa fọwọ́ sí. Òfìfo. Nọ́ọ̀sì kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ba sauri, Mama." Kò sí ìkánjú. Dókítà ń dúró. Abẹ pàápàá ń dúró. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ti gba ara mi kọjá, èyí nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó kọ́kọ́ kí mi ní sàlámọ̀.

Bíírò dà?