Ọta Tí Kò Dé Ara Nezu

Isomura rí ẹ̀yìn Nezu láàárín igi ọparun. Ó tẹ ìbọn. Ọta ike ya jáde. Nezu kò pariwo. Ó yíjú padà, ó yin tirẹ̀, ọta sì gbá Isomura létè débi tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

"Ó bà mí!" Isomura nawọ́ sókè, ó kúrò nínú eré.

Òfin eré ìbọn àfiṣeré yìí kò ju ìyẹn lọ. Ọta ike kì í fi àmì sí aṣọ. Ẹni tí ọta bá bà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, òkú tó ń rìn ni wọ́n ń pè é, kò sì sí èébú tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo igbó Chiba.

Nezu ló fẹ́ Chizuru, àbúrò Isomura. Nígbà tí bàbá wọn kọ̀ ọ́, Isomura ló dìde tó ní olóòótọ́ ni. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Láti àárọ̀ ló ti ń yìnbọn sí olóòótọ́ náà, kò sì kú.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Isomura kò fọwọ́ kan ìrẹsì rẹ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì ìbọn rẹ̀. Ó da ọta àtijọ́ nù, ó rọ tuntun. Ó fọn epo sínú ọ̀pá ìbọn, bó ti ṣe láàárọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin rí. Ó kọ́ ọ kó máa fi epo sí ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́.

Nezu gbé abọ́ ọbẹ̀ kọrí tirẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun. Ìbọn ò ní bá yín jẹ ẹ́. Ọta yín kàn ń já sílẹ̀ níwájú mi bí ìgbẹ́ ehoro."

"Àbí o kì í mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá bà ọ́?"

Nezu dẹ́kun jíjẹ. "Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kí o jẹun."

Lọ́sàn-án, wọ́n tún kojú ara wọn, kòtò ló wà láàárín wọn. Òjìji ṣú, ooru ti bo awò ojú Isomura, kò rí ibi tí ọta ń lọ. Àyà Nezu nìkan ló ń rí. Ó tẹ ìbọn títí ọta fi tán.

Nezu rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ súnmọ́ díẹ̀!"

Isomura sọ ìbọn sílẹ̀, ó fo kòtò. Ó já awò kúrò lójú àna rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nínú igbó yẹn. Ó fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Ó fún un lómìíràn. Nezu ṣubú lé gbòǹgbò, Isomura gùn ún mọ́lẹ̀, ó ń lù ú lọ.

"Òkú! Òkú tó ń rìn! Ìwọ ni mo gba àbúrò mi fún!"

Eyín fò jáde. Fèrè dún. Àwọn ọkùnrin fi ọrùn aṣọ wọ́ Isomura kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá Obata, tó ni igbó náà, wo ẹ̀jẹ̀, ó wo Isomura. "Gbé ìbọn ẹ wá."

Ó tọ́ka sí àwo irin tí wọ́n fi ń dán ìbọn wò. Isomura yìn ín. Ọta ò dé ìdajì ọ̀nà tó fi rọ sínú koríko.

Ìyá Obata tú ìbọn náà. Ó yọ rọ́bà kékeré kan jáde nínú rẹ̀. Ó ń dán.

"Ta ló fi epo sí i?"

"Èmi ni."

"Rọ́bà yìí ló ń di ọta mú kó lè yí, kó sì fò jìnnà. O ti sọ ọ́ di ẹja àrọ̀." Ó pòṣé. Ó fi ọtí nu rọ́bà náà gbẹ, ó dá a padà. "Yìn ín."

Àwo irin dún gban. Ó tún dún. Gbogbo wọn yíjú sí Nezu, tó jókòó sórí àga, tó fi aṣọ ìnura dí ẹnu.

Isomura wolẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan erùpẹ̀. "Nezu, mo parọ́ mọ́ ọ."

"Má tẹ ilẹ̀ yìí mọ́ láéláé," ni Ìyá Obata wí fún un. "Ẹni tó bá lu èèyàn níbí, ó ti lọ nìyẹn."

Nezu tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, bí èmi náà bá lù ú ńkọ́?"

"Wàá bá a lọ."

Nezu ronú díẹ̀. Ó gbé aṣọ ìnura sílẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

Isomura dìde. Kò fọwọ́ bojú. Ẹ̀ṣẹ́ náà bà á nímú, ó gbọ́ bí egungun ṣe kán, ilẹ̀ sì gbà á. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ọwọ́ Nezu wà níwájú rẹ̀. Ó dì í mú.

"Kí la máa sọ fún Chizuru?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́," ni Nezu wí. "Èmi ò léyín."