Ẹ Má Dá A Lóhùn

"Wọ́n tún sá fún mi lónìí," ni ẹ̀gbọ́n ayàwòrán lóbìnrin wí, kò tilẹ̀ jókòó. Ó da ìwé ìkéde sórí tábìlì, sáàárín àwọn agolo ọ̀dà. Àwòrán ọmọ rẹ̀ tó sọnù ló wà lára gbogbo wọn. Bó ṣe kó wọn jáde láàárọ̀ ló ṣe kó wọn padà.

Ayàwòrán ń fọ búrọ́ṣì, kò lè gbójú sókè. Ó mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn.

Ọdún mẹ́ta nìyí tí ọmọ náà, ọmọ ọdún méje, ti sọnù nídìí afárá. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń bi àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí ọmọ mi?" Lọ́dún tó kọjá ni ayàwòrán, àbúrò rẹ̀, sọ ọ́ di ìtàn. Ó ya obìnrin aláṣọ funfun kan sára ògiri afárá, ó sì kọ ọ́ sábẹ̀ pé: "Bó bá bi yín léèrè ọmọ rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó bá dáhùn, ọmọ tirẹ̀ ló kàn." Ó rò pé ìtàn náà á mú kí èèyàn púpọ̀ máa wá síbẹ̀, bóyá ẹnì kan nínú wọn á ti rí ọmọ náà. Wọ́n sì wá lóòótọ́. Irọ́ ò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n rìn: kò pẹ́ tí àwọn tí kò débẹ̀ rí fi ń búra pé ẹsẹ̀ obìnrin náà kì í kan ilẹ̀. Orí ayàwòrán wú. Kò kíyè sí i pé ojú ẹ̀gbọ́n òun lòun yà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi ọ̀dà pa á rẹ́ lánàá."

"Ẹnì kan ti tún un yà. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n yà tó ẹ, imú tó fún mi gùn ju apá mi lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ pé kí wọ́n dá mi lóhùn? Ṣebí ọwọ́ ẹ ni búrọ́ṣì wà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ayàwòrán mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lọ sídìí afárá, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọlọ́mọ kan dáhùn, nǹkan kan ò sì ṣe é. Àwọn èèyàn dúró lókèèrè, wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi gbogbo èèyàn:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí ọmọ mi?"

Ayàwòrán la ẹnu, ohùn ò jáde. Òun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun irọ́ yìí, ẹ̀rù irọ́ náà ń bà á.

"Dádì, ọwọ́ mi ń dùn mí," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ayàwòrán kò mọ̀ pé òun ti dì í mú gírígírí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i. "Máa mú un lọ sílé," ó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò bínú. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju èébú lọ. Ó dúró, omi lójú.

"Rárá," ó ní, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lókèèrè lè gbọ́. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. A ò tíì rí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dijú. "O ṣeun," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti dá mi lóhùn."

Ó na ìwé ìkéde kan sí i, ayàwòrán sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.