Bírò Tí Kò Ní Íǹkì

"Ṣé ọwọ́ mi ni kí n máa wò ni, àbí ojú kọ̀ǹpútà?"

"Ojú kọ̀ǹpútà ni, sà," Rafiat dáhùn.

"Ayàwòrán tí kò gbọdọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀." Tíṣà Igbẹ́kọ̀yí gbé bírò náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ṣíbí ọbẹ̀ tó ti kan sílẹ̀. "Afọ́jú ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún."

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ni pátákó dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń yàwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Kò nípọn ju ìwé àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, wáyà kan ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Rafiat. Bírò tirẹ̀ kò ní íǹkì, kò sì ní bátìrì. Bó ti wù kí èèyàn fi í ha pátákó náà tó, kò ní rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà lókè lọ́hùn-ún ni ìlà máa ń yọ sí. Fúnmilọ́lá, àkọ́bí Tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ló fi í rán awakọ̀ kan tó ń bọ̀ ní Òsì, ó ní òun gbọ́ pé gbogbo ayàwòrán ló ń lò ó báyìí. Tíṣà bi í lórí fóònù pé gbogbo ayàwòrán wo. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni páálí náà fi wà lábẹ́ àga kó tó tú u.

"Bí àlejò bá dé ilé, èèyàn lè to obì sí i lórí," ó wí. "Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo rí tó lè ṣe."

Rafiat tún wáyà náà kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí wọ́n jókòó sí yìí, lẹ́bàá oríta tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ìwé ìsìnkú, fọ́ọ̀mù ìdánwò, káàdì ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ọdún mẹ́ta ni Tíṣà fi kọ́ ọ ní yíyàwòrán rí. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó na ìwé rẹ̀ sókè níwájú kíláàsì, ó ní, "Ẹ wá wo ibi tí adìyẹ ti ń wá oúnjẹ." Adìyẹ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é títí ó fi jáde ilé ìwé. Tíṣà rántí rẹ̀ dáadáa, kò sì dùn ún. Òótọ́ ni òun sọ. Ẹni tí kò bá lọ́wọ́ àwòrán, kó lọ máa tẹ ìwé fún àwọn olóòkú. Ohun tí Rafiat sì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Àwòrán ogójì ló wà lọ́rùn Tíṣà. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní àgbègbè náà ló para pọ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe ìwé alífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọdé ní èdè ilé, nítorí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́ pé ulé ni bàbá wọn ń pe ilé, pé uṣu ni wọ́n ń pe iṣu. Tìjání, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé wọn, ní kí wọ́n kàn wa àwòrán jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wa mélòó kan wá sí ìpàdé. Tíṣà gbé awò rẹ̀ sójú, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀dùnkún lo pè ní iṣu yìí," ó sọ fún un níwájú gbogbo wọn. "Ilé rẹ yìí sì ní ihò èéfín lórí. Ta ló ń dáná sí àjà ní Ìlọfà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ni wọn ìbá tún gbé e fún? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Òun ló ya ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró sára ògiri yàrá sáyẹ́ǹsì, òun ló ya ọ̀dọ́ àgùntàn tó wà lára àsíá ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti ìgbà ìkórè iṣu èṣí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kì í mu tíì níta mọ́. Bó bá dúró bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, inú àpò ṣòkòtò ni ọwọ́ náà máa ń wà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rí i, tó ní kó lọ sí ọsibítù. Ó dá a lóhùn pé òtútù ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi gbìyànjú lórí ìwé, tí ìlà ń wọ́ kiri bí ọ̀nà ekòló, tí rọ́bà tó fi ń pa á rẹ́ ń dá ihò sára ìwé. Ọ̀rọ̀ kan tí Fúnmilọ́lá sọ ló mú kó padà tú páálí náà: pé bí ìlà kò bá dára, èèyàn lè pa á rẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sí ìwé tí yóò ya.

Bí ó ṣe di ẹni tó ń jókòó síwájú Adìyẹ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìyà ni. Ó fi bírò sí apá kan pátákó, àmì kékeré tó ń tẹ̀ lé e fò lọ sí ibi tí kò rán an. Ó fẹ́ ya ìkòkò, ẹnu ìkòkò kò pàdé ara rẹ̀. Bó bá rọra tẹ bírò, ìlà á tínrín bí irun. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, á nípọn bí okùn màlúù. Tínrín tàbí nípọn, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó bú bírò, ó bú àwọn tó ṣe é, ó bú àga tí Rafiat gbé fún un jókòó. Rafiat á tẹ bọ́tìnnì méjì, ìlà á pa rẹ́, á sì ní, "Ẹ tún un yà, sà."

Ní ọjọ́ kẹta, Rafiat dúró lẹ́yìn Tíṣà fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, sà. Bóyá á rọ̀ yín lọ́rùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ojú ìwé kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, ó fa nǹkan síwájú, ó pa á dé.

"Kí lo ṣe?"

"Ètò kan ni, sà. Mi ò tò ó dáadáa níjọ́ àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," Tíṣà wí.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Ìlà náà wá ń fà lẹ́yìn bírò bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn, kò yá, ṣùgbọ́n ibi tó bá gbà kọjá, ó máa ń dán. Ìkòkò pàdé. Ewé kókò na apá rẹ̀ bó ṣe yẹ. Tíṣà ya àdá, ó ya ìgbín, ó ya àkùkọ tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwòrán mọ́kàndínlógójì ti wà nílẹ̀, ó ku ọkọ́ nìkan. Ìgbéraga rẹ̀ sì padà sí ipò rẹ̀ bí ẹni tó lọ kí ará ilé kan ní Ìdọ̀fin tó wá dé. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, pé ẹni tó bá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fún. Ó tilẹ̀ bá Rafiat náà sọ ọ́.

"Ìwọ tí o ni kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ pípẹ́ wá," ó ní, "ṣé o lè ya ìgbín?"

"Mi ò lè yà á, sà."

"Ṣé o wá rí i."

Ìpàdé tí wọn yóò ti wo àwòrán náà bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ní Ìlọfà, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Rafiat béèrè bóyá kí òun bá Tíṣà lọ, torí kọ̀ǹpútà ibòmíràn lè ṣe bákan. Tíṣà ní kí ló fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn àgbà. Ó wé pátákó àti fíláàṣì tí Rafiat kó àwòrán sí sínú ọ̀rá, ó wọ takisí, òun àti obìnrin méjì àti àpò gaàrí kan sì jọ há mọ́ àga ẹ̀yìn.

Àwọn mẹ́fà ló pé jọ. Alàgbà Ọmọ́níyì, ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀ rí tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló jókòó sí ipò alága. Tìjání ṣí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tó kan àkùkọ, Alàgbà ní kó fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí òun tún wò ó.

"Ọwọ́ yìí ò tíì darúgbó," Alàgbà wí. "Tíṣà, ẹ ya ọkọ́ tó kù yẹn níṣojú wa. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Kí Tìjání náà wò ó dáadáa," Tíṣà dáhùn. "Bóyá yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ká yà á àti ká jí i."

Tìjání so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí irú ètò ìyàwòrán tí Rafiat ń lò, ó sì sún sẹ́yìn. Tíṣà mú bírò. Ó gbé e sórí pátákó, ó fa igi ọkọ́ láti òkè wá sílẹ̀.

Ìlà náà gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó hàn ketekete lójú kọ̀ǹpútà, ó rí gbágungbàgun bí eyín ayùn. Ó ní kí Tìjání pa á rẹ́. Ó tún un fà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà kẹta, ó tẹ bírò mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ lè dúró, ìlà nípọn, ó sì ń gbọ̀n síbẹ̀. Tìjání kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sílẹ̀ ni. Èyí dun Tíṣà ju ẹ̀rín lọ.

"Ó dà bíi pé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," Alàgbà Ọmọ́níyì wí. "Ta ló bá yín tò ó?"

"Ọmọ kan ní Òsì ni. Rafiat." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Tíṣà láìdúró rò ó. "Òun ló bà á jẹ́. Kò mọ nǹkan kan. Láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀."

"Mo ní nọ́ńbà rẹ̀," Tìjání wí. "Òun ló ń tẹ ìwé ìdánwò fún wa."

Kí Tíṣà tó lè sọ pé kó má pè é, fóònù ti ń dún, Tìjání sì ti ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ó kí i, ó ṣàlàyé: Ìlọfà ni àwọn wà, ìlà pátákó ń gbọ̀n, Tíṣà sì ní Rafiat ló bà á jẹ́.

Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tó ń tú ìwé jáde.

"Ẹ má bínú, sà," Rafiat wí nígbà tó yá. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni. Ẹ dákun, kí Tíṣà gbé e bọ̀, n óo tún un tò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yà á mọ́ lónìí. Ẹ̀rọ náà ò tíì dáa."

Ìgbà náà ni ó yé Tíṣà. Ojú ìwé kékeré tí Rafiat ṣí lọ́jọ́ kẹta, nǹkan tó fà síwájú, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ní wákàtí kan náà. Ọmọ náà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rí ọwọ́ rẹ̀, ó ti wá oògùn sí i nínú kọ̀ǹpútà, ó sì pè é ní àṣìṣe ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbọ́ èébú lórí rẹ̀. Ó tún ń gba ẹ̀bi náà báyìí, níwájú àwọn àgbà tí kò fojú rí i, nítorí ẹni tó fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Tíṣà wo àkùkọ tó gbé ẹsẹ̀ sókè nínú ọkàn rẹ̀, ojú àkùkọ náà sì tì í.

"Mo gbọ́," Alàgbà wí. "A óo wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tò."

"Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ," Tíṣà wí.

Gbogbo wọn wò ó. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí pátákó, ó gbé e sókè sí àárín wọn, kò sì fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó fi í síbẹ̀ títí ẹni tó jìnnà jù lọ fi rí i.

"Ọwọ́ mi ni. Láti èṣí ni. Ọmọ náà fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń mú ìlà dúró. Mi ò mọ̀. Mo rò pé èmi ni."

Alàgbà Ọmọ́níyì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lú etí agbádá.

"Ṣé ẹ ti lọ sí ọsibítù?" ó béèrè.

"N óo lọ." Tíṣà na ọwọ́ sí fóònù tó wà lórí tábìlì, ó fà á sún mọ́ ara rẹ̀. "Rafiat."

"Sà."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"O ò sọ fún mi."

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, sà."

Tíṣà ronú nípa èsì tí òun ìbá fún un bó bá ti sọ ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́rọ̀ lọ́rọ̀.

"Wá sí Ìlọfà," ó wí. "Nísinsìnyí. Wá bá wa tò ó síbí, kí n lè ya èyí tó kù."

"Èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀bù, sà. Ìwé ìsìnkú ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́."

"Tẹ ìwé rẹ tán. Mo máa dúró." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. "Mo fẹ́ kí àwọn tó wà níbí rí ẹni tó ń kọ́ mi."

Rafiat ní òun yóò wá ọ̀kadà.

Alàgbà ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ kí ọmọ náà tó dé. Tìjání dìde, ó fẹ́ yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, Tíṣà sì ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó fa àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ fún Rafiat, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ó sì padà jókòó sórí tirẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ojú ọ̀nà.